Àǹtí ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọ ní òun kò lọ wo dọ́lífìn: ta ló jàre?

Ìbéèrè láti Ìsánlú:

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ilé mi má dàrú. Àwọn ọmọ mi méjì ń lọ lo ìsinmi Kérésì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Florida, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Àǹtí wọn ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún ọgbà ńlá kan tí wọ́n ti ń fi dọ́lífìn àti àbùùbùtán ṣeré fún ènìyàn wò. Èyí ọkùnrin ti ń ka ọjọ́. Èyí obìnrin, tó wà ní SS2, ní òun kò ní í débẹ̀, pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni, pé owó ìkà ni wọ́n ná. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí àǹtí rẹ̀ létí lórí fóònù! Bàbá mi ní kí la wá ń bá ara wa ja ìjà ẹja sí. Èmi fúnra mi rò pé fídíò ni ọmọ yìí wò jù. Wọ́n ń bọ́ wọn, dókítà ń wò wọ́n, kí ni ẹranko tún ń fẹ́? Àwa tí à ń so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn, tí à ń jẹ ẹran ìgbẹ́, ẹnu wo la fẹ́ fi pe òyìnbó ní ìkà? Ẹ sọ ọ́ kó dá mi lójú.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bọ́ sí i, torí iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ni mo ń ṣe ní Kàbbà níbí. Ewúrẹ́, àgùntàn, ajá, adìẹ, ẹja àrọ̀ inú adágún, èmi ni wọ́n ń pè. Mi ò fọwọ́ kan dọ́lífìn rí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé kí ni ẹranko ń fẹ́, orí ẹ̀ ni mo ti ń jẹun.

Ti fóònù yẹn ná. Kí ọmọ pe àǹtí rẹ̀ padà kó bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹni tó fi owó òógùn rẹ̀ ra nǹkan fún ọ, o kì í sọ fún un pé owó ìkà ló ná. Ìyẹn ti parí.

Bàbá wa, ẹ bá mi kí wọn o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja. Dọ́lífìn, àbùùbùtán, títí kan ayú, ẹran omi ńlá tó wà nínú Odò Ọya wa yìí, afọ́mọlọ́mú ni gbogbo wọn. Ẹ̀jẹ̀ wọn gbóná, wọ́n ń lóyún, wọ́n ń bímọ, wọ́n ń fún ọmọ lọ́mú, afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí yìí ni wọ́n ń yọrí sókè wá mí. Tí dọ́lífìn bá há sábẹ́ omi, á kú sómi bí ènìyàn.

Lórí pé ta ló jàre, ọmọ yìí sún mọ́ òótọ́ ju ẹ̀yin bàbá rẹ̀ lọ, ẹ má bínú sí mi. Ohun tí ẹ fi ń díwọ̀n rẹ̀ ni kò tọ́. Ẹ ní wọ́n ń bọ́ wọn, ẹ ní dókítà ń wò wọ́n. Tí wọ́n bá pè mí wá wo ẹran tí ara rẹ̀ kò yá, tí mo yẹ̀ ẹ́ wò tí n kò rí nǹkan, ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé kí ló máa ń ṣe ní àsìkò tí kò jẹun, tí kò sì sí ẹni tó dúró tì í? Eré tí àwọn ọmọ fẹ́ lọ wò yẹn, bíi ìdajì wákàtí ni. Ẹ jẹ́ ká bèèrè ìyókù ọjọ́.

* * *

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ kan ti fò mọ́ mi nínú èsì tó kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi. Ó ní nínú òkun, ebi ń pa wọ́n, ẹja ekurá ń lé wọn, àmọ́ nínú ọgbà, oúnjẹ ń bọ̀ lásìkò. Ó ní ta ni kò fẹ́ jẹ́ ọmọ olówó. Ọ̀pọ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀, mo rí i bí ẹ ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀bọ kan wà tí wọ́n so mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọtí kan lójú títì, n kò ní í dárúkọ ìlú. Àwọn oníbàárà máa ń ju ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀pà àti búrẹ́dì sí i. Ebi kò pa á rí. Ọlọ́tí ránṣẹ́ pè mí pé ó ń fa irun ara rẹ̀ tu. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, kò sí iná orí, kò sí eegbọn, kò sí èkúkú. Mo wá lọ jókòó sínú mọ́tò, mo ń wò ó láti ibẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn wà níta, ó ń ta kìtì, ó ń nawọ́, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Bí òjò ṣe ṣú tí wọ́n wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí igi náà ká. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin, á gbé orí sókè lódì, ìṣísẹ̀ mẹ́rin padà. Ibi tó ń tẹ̀ ti di poro, kò sí koríko kan níbẹ̀. Tó bá rìn títí, á jókòó, á fa irun apá òsì kan náà, á yẹ̀ ẹ́ wò, á jẹ ẹ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ odindi wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn. Ẹ sọ oògùn tí ẹ fẹ́ kí n kọ fún un.

Irú ìyẹn náà ni àwọn tó ń tọ́jú orca rí. Orca ni dúdú-àti-funfun ńlá yẹn tí ẹ rí nínú fídíò. Àbùùbùtán ni wọ́n ń pè é, ìdílé dọ́lífìn ló sì ti wá. Nínú táǹkì, ó máa ń fi eyín jẹ géètì irin àti etí kọnkéré, ọdọọdún, títí eyín á fi kán tàbí tí á fi yìnrìn délẹ̀. Dókítà á wá lu eyín náà nihò kó má baà kẹ̀, wọ́n á sì máa fi omi fọ ihò náà lójoojúmọ́. Òmíràn á léfòó sójú kan láìmira fún ìgbà pípẹ́. Lẹbẹ ẹ̀yìn tó máa ń dúró ṣánṣán lára akọ nínú òkun, nínú táǹkì ó máa ń wó sí ẹ̀gbẹ́ kan lára fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo akọ tó bá dàgbà. Wíwó yẹn nìkan kì í dùn wọ́n o, kí ọmọ wa má lọ fi jiyàn. Eyín ni kó mú lọ síbi àríyànjiyàn.

Oúnjẹ gan-an tí ẹ ń yìn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Àbúrò mi obìnrin ń ta ẹja yìnyín ní ọjà Kàbbà. Ṣáwá àti Títọ́ọ̀sì tó ń tà yẹn, irú wọn ni wọ́n ń fún dọ́lífìn jẹ nínú ọgbà, láti inú firísà bákan náà. Dọ́lífìn kì í mu omi òkun bí a ṣe ń mu omi. Inú ẹja tó bá jẹ ló ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú omi tí ara rẹ̀ ń fẹ́. Ẹ sì mọ bí ẹja yìnyín ṣe máa ń dà omi sílẹ̀ nínú báàfù tó bá yọ́. Omi ló ń lọ yẹn, fítámì B1 náà ń bá a lọ. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa ki oògùn fítámì sí etí ẹja kí wọ́n tó jù ú sí i lẹ́nu, wọ́n sì máa ń wá ọgbọ́n dá omi padà sí wọn lára. Orca ńlá kan lè jẹ 60 sí 100 kílò ẹja bẹ́ẹ̀ lójúmọ́. N kò ní ìtọ́jú burú. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ olówó tí ẹ ń wí yìí, ẹja tó ti kú ni wọ́n ń jù sí i lẹ́nu ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹranko tó ń dọdẹ ni.

* * *

Ewúrẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa padà síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n láti Mọ̀pà náà ti kọ gbólóhùn mẹ́ta lé e.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jàre díẹ̀. À ń so ewúrẹ́ kó má baà jẹ oko olóko, àwọn kan sì ń so ó sínú oòrùn láìfún un lómi, mo ń bá wọn jà lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ti bá ènìyàn gbé láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Tí wọ́n bá kórè tán tí ẹ tú u sílẹ̀, ibo ló ń lọ? Ẹ̀yìnkùlé yín náà ni. Á jẹ èèpo iṣu, á dùbúlẹ̀ sábẹ́ òrùlé, á máa jẹ àpọ̀jẹ, ọmọ rẹ̀ á gun un lẹ́yìn. Ẹran tó bá ń jẹ àpọ̀jẹ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, n kò nílò kí n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹran ìgbẹ́ ńkọ́? Ó yí ká nínú igbó rẹ̀ títí ọjọ́ tí ọdẹ fi rí i. N kò sọ pé ó dáa, ìjà tiwa ló tún wà níbẹ̀, torí àwọn ẹran mìíràn ti ń tán lọ nínú igbó wa. Ṣùgbọ́n ìjà mìíràn nìyẹn. Tí a bá ní kí ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ kankan sí ẹranko nìkan máa sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ mọ́, àti ní Ìsánlú àti ní Florida.

* * *

Wọ́n ní kí n mú àpẹẹrẹ tó dájú wá, kí n fi ọ̀bọ sílẹ̀. Ó dáa.

Tokitae ni orca náà, orúkọ tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ ni Lolita. Oṣù Kẹjọ ọdún 1970 ni wọ́n mú un ní Penn Cove, ní ìpínlẹ̀ Washington. Àwọn amúran lo ọkọ̀ ojú omi àti àdó olóhùn láti da gbogbo ẹbí wọn wọ ibi tóóró, wọ́n wá fi àwọ̀n ya àwọn ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Nínú agbo orca ibẹ̀, ọmọ kì í kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ títí ọjọ́ ikú, ìbáà jẹ́ akọ ìbáà jẹ́ abo. Mélòó kan nínú àwọn ọmọ náà há sínú àwọ̀n, wọ́n kú. Àwọn tó mú wọn la ikùn òkú, wọ́n ki òkúta bọ̀ ọ́, wọ́n so ìdákọ̀ró mọ́ ọn kó lè rì, kí ará ìlú má baà mọ̀. Omi gbé wọn wá sétí òkun lẹ́yìn náà. Mo sọ èyí fún àwọn tó ń ní "wọ́n kàn gbà wọ́n ṣe ọmọ ni".

Miami ni wọ́n gbé Tokitae lọ. Táǹkì rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 80 ní gígùn, 35 ní fífẹ̀, níbi tó sì jìn jù lọ, ẹsẹ̀ bàtà 20 ni. Òun fúnra rẹ̀ gùn tó bíi ẹsẹ̀ bàtà 20. Pulọ́ọ̀tì tí à ń tà níbí jẹ́ 100 ní 50. Nítorí náà, ẹranko tó lè lúwẹ̀ẹ́ ju 100 kìlómítà lọ lójúmọ́ gbé lórí ilẹ̀ tí kò tó pulọ́ọ̀tì kan fún ọdún tó ju 50 lọ. Ìkejì rẹ̀, akọ kan tí wọ́n ń pè ní Hugo, máa ń fi orí gbá ara ògiri táǹkì. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ rẹ̀ bẹ́, ó kú ní 1980. Láti ìgbà náà, Tokitae kò rí orca mìíràn mọ́, dọ́lífìn ni wọ́n fi sí i lọ́dọ̀. Ní oṣù Kẹta 2023, wọ́n kéde pé àwọn máa dá a padà sí omi ìlú rẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún náà ló kú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní orca kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan: Tilikum, tí wọ́n mú ní ẹ̀bá Iceland ní 1983, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ikú ènìyàn mẹ́ta, ní 1991, 1999 àti 2010. Ẹni tó kẹ́yìn ni Dawn Brancheau, tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Orlando, tó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Nínú òkun gbalasa, kò sí àkọsílẹ̀ pé orca pa ènìyàn kan rí. Ẹ fi ìyẹn ro ó.

* * *

"Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín nínú fídíò."

Bí egungun ẹnu rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Dọ́lífìn tó ti kú náà ń rẹ́rìn-ín.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yà bàrá. Bọ̀dá kan ní Lọ́kọ́ja ní dípò ká máa ṣọ̀fọ̀ fún òyìnbó, kí ìjọba Kogi kọ́ irú ọgbà yẹn síbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, kí àwọn ọmọ wa ríṣẹ́, kí àlejò máa wá. Ènìyàn púpọ̀ ló fara mọ́ ọn, mo sì rí ẹnì kan tó ti ń bèèrè ibi tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ẹni fẹ́ ṣòwò. Omi iyọ̀ ni dọ́lífìn ń gbé, odò aláìníyọ̀ ni tiwa. Ẹ máa pò omi iyọ̀ lítà ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ẹ máa fi ẹ̀rọ sẹ́ ìgbẹ́ wọn kúrò nínú rẹ̀ lọ́sàn-án lóru, kò gbọdọ̀ dúró. Iná tí kì í dúró fún àwa ènìyàn! Ẹ máa ra díísẹ́ẹ̀lì, ẹ máa ra ṣáwá. Ooru Lọ́kọ́ja lóṣù Kẹta, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ máa tún fi ẹ̀rọ mú omi náà tutù. Dókítà tó mọ irú ẹran bẹ́ẹ̀, ẹ máa wá a láti òkè òkun. Lẹ́yìn náà, ìkún omi á dé bó ṣe dé ní 2012 àti 2022. Adágún ẹja àrọ̀ mélòó ló bá omi lọ nígbà yẹn?

Ìyẹn náà ti ṣẹlẹ̀ sí dọ́lífìn rí. Nígbà ìjì Katrina ní 2005, omi òkun bo ọgbà kan ní Gulfport, ní Mississippi, ó sì gbé dọ́lífìn mẹ́jọ jáde láti inú táǹkì lọ sínú òkun. Wọ́n rí gbogbo mẹ́jọ lẹ́yìn bíi ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n wà papọ̀, ebi ti mú wọn, egbò wà lára wọn, wọ́n sì wá bá àwọn tó ń bọ́ wọn. Àwọn kan ń fi èyí jẹ́rìí pé wọ́n fẹ́ràn ọgbà. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹran tí ẹ kò jẹ́ kó kọ́ ọdẹ, ta ló fẹ́ lọ bá?

Bọ̀dá wá tún padà wá: "Ayú ńkọ́? Ti odò wa ni, kò nílò iyọ̀, koríko ló ń jẹ." Ìyẹn gbọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ṣeé ṣe, torí ọgbà Toba ní Japan ti tọ́jú irú ayú ilẹ̀ Áfíríkà yìí. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 1985 lórí àwọn ẹranko tó ń tán lọ dáàbò bo ayú, CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko, náà sì ti fi í sí ìpele tó le jù lọ láti 2013, ẹnikẹ́ni kò kàn lè fi àwọ̀n mú un kó máa gba owó ìwọlé. Tí ẹ bá fẹ́ kí àlejò wá wò ó, kí àwọn apẹja yéé pa á ná. Wọ́n ń pa á fún ẹran àti ọ̀rá rẹ̀, gbogbo wa mọ̀. Ọkọ̀ ojú omi tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò pariwo, amọ̀nà tó mọ odò, àárọ̀ kùtù: n ó san owó ìyẹn.

* * *

Àǹtí nọ́ọ̀sì kan láti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ ló kọ ohun tó le jù láti dáhùn títí di ìsinsìnyí. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti gbogbo ọgbà yìí pa, ibo ni wọ́n á máa gbé ẹran omi tó fara pa lọ?

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ní 2021, ayú tó kú ní Florida ju 1,000 lọ, ebi ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, torí ìdọ̀tí tó ń ṣàn wọ inú omi ti pa koríko tí wọ́n ń jẹ. Àwọn ọgbà ńlá wà lára àwọn tó gba èyí tó ń kú lọ tọ́jú, títí kan SeaWorld, tí ọmọ ilé-ìwé wa yóò pè ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ń bọ́ wọn, wọ́n ń gún wọn lábẹ́rẹ́, tí ara wọn bá le wọ́n á dá wọn padà sódò. Èmi tí mò ń tọ́jú ẹran, n kò lè bú ẹni tó ń ṣe ìyẹn. Àwọn onímọ̀ kan tún fi hàn pé ní àwọn ọgbà tó dára lóde òní, dọ́lífìn ń pẹ́ láyé tó ti inú òkun. Mo gbà.

Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni ẹ ń ṣàpèjúwe, àǹtí. Ilé ìwòsàn máa ń dá aláìsàn sílẹ̀ tó bá yá. Kì í ní kó máa bímọ síbẹ̀, kì í kọ́ ọ ní ijó. Owó eré ló ń gbé ilé ìwòsàn náà ró, ẹ ó sọ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ìjà wà. Èrò tèmi ni pé wọ́n lè máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wo ìtọ́jú gan-an. Èmi á san án.

Ayú kan wà tí wọ́n ń pè ní Snooty, wọ́n bí i ní 1948, ó sì gbé ní Bradenton ní Florida títí di oṣù Keje 2017, ẹni ọdún 69. Kò sí ayú mìíràn nínú ọgbà tí a mọ̀ pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí fún un lọ́dọọdún. Ní ọjọ́ kejì ayẹyẹ ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó kẹ́yìn, pákó ìdérí ihò kan nísàlẹ̀ omi ṣí, ó wọ ibẹ̀, kò lè yí padà, ó kú sómi. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀. Síbẹ̀ ọwọ́ ẹlòmíràn ni ẹ̀mí rẹ̀ wà, títí dórí ìṣó tó de ìdérí.

* * *

Èyí fún àwọn ọ̀dọ́ tó ní "kí wọ́n tú gbogbo wọn sílẹ̀ lónìí". Ọmọ wa SS2 ti dé, mo rò pé òun náà wà lára wọn. Ẹ káàbọ̀.

Ọmọ mi, wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. Keiko, orca tó ṣeré nínú sinimá ní 1993, ọmọdé ni nígbà tí wọ́n mú un ní Iceland ní 1979. Nígbà tí ayé rí i pé inú adágún kékeré ní Mexico ló wà, tí nǹkan sì ń ṣú sí i lára, wọ́n dá owó jọ, wọ́n gbé e lọ sí Oregon ní 1996, sí Iceland ní 1998, wọ́n ń kọ́ ọ ní ọdẹ. Ní 2002 ó tẹ̀lé àwọn orca mìíràn díẹ̀, ó kọjá òkun dé Norway, ó sì lọ bá àwọn ọmọdé tó ń lúwẹ̀ẹ́ kí wọ́n bá òun ṣeré. Kò bá agbo kankan dúró. Òtútù àyà ni wọ́n gbà pé ó pa á, oṣù Kejìlá 2003. Àwọn kan ní owó yẹn ṣòfò. Àwọn kan ní ọdún márùn-ún nínú omi òkun gidi sàn ju ogún nínú adágún lọ. Èmi wà pẹ̀lú àwọn kejì, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ìtúsílẹ̀ tó yọrí.

Nítorí náà ohun tó kù ni èyí tí kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni: kí wọ́n yéé mú, kí wọ́n yéé bí, kí èyí tó wà níbẹ̀ máa gbádùn ibi tó fẹ̀ jù tí ó ṣeé ṣe títí á fi kú. SeaWorld kéde ní oṣù Kẹta 2016 pé àwọn kò ní í jẹ́ kí orca àwọn bímọ mọ́. Canada fòfin dè é ní 2019. Faransé ṣe òfin tiwọn ní 2021, ọgbà Marineland ní Antibes sì ti ilẹ̀kùn ní oṣù Kíní 2025, àmọ́ nígbà tí wọ́n tì í, orca méjì, ìyá àti ọmọ, ṣì kù nínú táǹkì níbẹ̀, tí àwọn àgbàlagbà wá ń jiyàn ibi tí wọ́n máa kó wọn lọ. Ibi tí wọ́n fi àwọ̀n ya sọ́tọ̀ lẹ́bàá òkun ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Iceland fún àbùùbùtán funfun méjì, beluga ni wọ́n ń pè wọ́n, tí wọ́n kó láti Shanghai ní 2019, inú adágún abẹ́ òrùlé ni àwọn méjèèjì ṣì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbà wọn níbẹ̀. Ó ṣòro. Ẹni tó bá sọ fún ẹ pé ó rọrùn, kò tíì gbé màlúù tó ń ṣàìsàn sínú ọkọ̀ akẹ́rù rí.

* * *

Bàbá àwọn ọmọ ti padà wá. Wọ́n ní ọmọ ti bẹ àǹtí rẹ̀, àǹtí ti gbà, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dá owó rẹ̀ padà. Àǹtí ní kí ló kù kí òun ṣe. Bàbá àgbà ní kí wọ́n fi ẹja náà dín, ó tán.

Owó ti lọ, ẹ má bá ara yín jà lórí rẹ̀ mọ́. Kí èyí ọkùnrin lọ. Ẹ má fi ipá mú èyí obìnrin. Ṣùgbọ́n kí ọkùnrin náà ṣe ohun kan fún mi: tí eré bá parí tí gbogbo ènìyàn ń sáré lọ ra áísìkiriìmù, kó dúró. Kó wá fèrèsé gíláàsì tó wà nísàlẹ̀ táǹkì, kó jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan. Ṣé ọ̀nà kan náà ni ẹran ń gbà yípo? Ṣé ó kàn léfòó? Àbí ó ń bá èkejì rẹ̀ ṣeré, ó ń wá nǹkan, ó ń yí ọ̀nà padà? Kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé ibo ni wọ́n ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èwo ni wọ́n bí síbẹ̀, èwo ni wọ́n gbà là. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Tó bá dé, kó wá sọ fún wa níbí. Tó bá rí ohun tó yàtọ̀ sí tèmi, kó sọ ọ́ náà.

Fún àwọn méjèèjì, nǹkan mìíràn wà, àǹtí á sì fẹ́ràn rẹ̀ torí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Blue Spring State Park wà ní Orange City, kò jìnnà sí Orlando. Omi ìsun ni, ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ní nǹkan bíi ìwọ̀n 22 Celsius tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Tí òtútù bá mú odò St. Johns ní oṣù Kejìlá, ayú inú odò á wọ́ wá síbẹ̀ fúnra wọn, ọgọ́rọ̀ọ̀rún, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Orí afárá onípákó ni ènìyàn ti ń wò wọ́n, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ níbẹ̀ lásìkò yẹn. Bí oòrùn bá mú tí odò lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á lọ jẹun lódò, ẹ lè débẹ̀ kẹ́ ẹ má bá ìkankan, kò sẹ́ni tó máa dá owó padà fún yín. Nítorí náà kí àǹtí mú ọjọ́ tí òtútù bá mú gan-an. Kí wọ́n gbé swẹ́tà dání, kí wọ́n sì tètè jí: tí ọkọ̀ bá ti kún inú ọgbà, wọ́n á ti géètì.